Iyọ̀ Ni Pọ́ọ̀lù Wí, Kì Í Ṣe Ṣúgà

(Ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Akọ̀wé ló kọ ọ́ sílẹ̀ láti inú ohùn mẹ́ta tí Mọ̀mí fi ránṣẹ́ láti Kano, fún àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, àti àwọn tó ní fóònù àwọn ti kún.)

OHÙN KÌÍNÍ

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló ń pariwo yẹn, ẹ má bínú, ẹ gbé fóònù sétí dáadáa.

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ nínú ìgbésí ayé onígbàgbọ́. Gbogbo wa la mọ ohun tó fà á. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹnì kan nínú wa gbé fọ́tò obìnrin kan tó jẹ ẹ́ lówó sórí gúrúùpù yìí, ó sì fi ohùn tẹ̀ lé e. Èébú tó wà nínú ohùn yẹn, mi ò ní tún un sọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti fi ránṣẹ́ káàkiri títí ó fi dé ìlú tí obìnrin náà ti wá. Ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ìwé gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà pe ẹni tó ṣe é, ìbéèrè kan ló bi wọ́n: "Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣé owó mi á jáde?"

Ìbéèrè gidi ni. Ẹ má jẹ́ ká fi ẹsẹ Bíbélì gbá a dànù. Àwa tí à ń gba ọjà láwìn, tí àwa náà tún ń tà á láwìn, a mọ̀ pé tí ẹnì kan ò bá san, ẹni mẹ́ta ló lè ṣubú tẹ̀ lé e. Mo máa dé orí owó yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ jẹ́, torí mo rí i pé ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń pè bẹ́ẹ̀, òun kọ́. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó wà láàárín wa, ẹ jókòó, ẹ bá wa gbọ́, ọjà kan náà la jọ wà.

Ẹ ṣí Kólósè orí 4. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó kọ ìwé yẹn, ó fúnra rẹ̀ mẹ́nu bà á ní ẹsẹ 3. Ní ẹsẹ 5 àti 6 ló ti wá sọ bó ṣe yẹ ká máa bá àwọn tí kì í ṣe ara ìjọ lò, tó sì sọ irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó máa ti ẹnu wa jáde. Ó ní kó ní oore-ọ̀fẹ́ nínú, kó sì ní iyọ̀. Iyọ̀ ni Pọ́ọ̀lù wí o. Kì í ṣe ṣúgà.

Àwa ọlọ́jà, ṣúgà ni tiwa. Oníbàárà ò tíì wọlé tán tí a ti bẹ̀rẹ̀: "Kọ́sítómà mi àtàtà! Ẹ wo bí ara yín ṣe ń dán! Ẹ̀yin nìkan ni mo lè tà á fún ní iye yìí o." Ẹni tí à ń sọ ọ́ fún mọ̀ pé àsọdùn ni, àwa náà mọ̀. Mi ò ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, ọjà là ń ná. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà yẹn bá wo aṣọ títí, tó ní kẹ́ ẹ já márùn-ún wálẹ̀ lórí pẹpẹ fún òun, tó wá ní òun ń bọ̀, kí ló máa ń jáde lẹ́nu wa tó bá ti kẹ̀yìn? "Olòṣì. Kò tiẹ̀ ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́." Ìṣẹ́jú kan ló wà láàárín "àtàtà" àti "olòṣì". Ẹnu kan náà ni. Ohun tó ń bí Jákọ́bù nínú ní orí 3 ìwé tirẹ̀ gan-an nìyẹn: pé ahọ́n tí a fi ń yin Ọlọ́run, òun náà la fi ń ṣépè fún ènìyàn tí Ọlọ́run dá ní àwòrán ara rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí mo rí nìyí. Ṣúgà tí à ń sọ, àwa ló ń ṣe láǹfààní, èrè la fi ń wá. Iyọ̀, ọbẹ̀ ló ń ṣe láǹfààní. Láyé ìgbà Pọ́ọ̀lù, kò sí fíríìjì. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń pa ẹja mọ́ kó má bàa jẹrà. Ọ̀rọ̀ oníyọ̀ ni èyí tó ń pa ẹni tí a sọ ọ́ fún mọ́. Kò pọn dandan kó dùn. Ẹni tó sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ má bínú, àwọ̀ aṣọ yìí máa ń ṣí tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wo èyí dípò rẹ̀," ó ti sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yìn ín. Ẹni tó ní, "Mi ò lè dé ibi tí ẹ fẹ́ yẹn, màmá mi, owó tí mo fi rà á ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó rí níwájú," òun náà ti sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ lè sọ pé rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ibí yìí dání, a máa tó lò ó.

Ibi tí a ti ń mọ̀ bóyá iyọ̀ ni tàbí ṣúgà ni ọ̀dọ̀ ẹni tí a ò lè rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Alábàárù. Ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá. Ọmọ tó ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Láàárọ̀, a máa ń péjọ ṣe àdúrà nínú ọjà, a ó pàtẹ́wọ́, a ó kọrin. Kò tíì pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a máa fi pe alábàárù ní ẹranko torí pé ó gbé ẹrù gba ojú omi. Ẹ wo Bóásì nínú ìwé Rúùtù. Ọlọ́rọ̀ ni, ó dé oko rẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó kí àwọn alágbàṣe ní orúkọ Olúwa, wọ́n sì súre fún un padà. Lẹ́yìn náà ló rí Rúùtù, àjèjì obìnrin ará Móábù tó ń pèéṣẹ́ lẹ́yìn àwọn olùkórè. Nígbà tó bá a sọ̀rọ̀ tán, ohun tí obìnrin yẹn dúpẹ́ lé lórí ni pé ó sọ̀rọ̀ tó tu òun nínú. Kò tíì wọn ọkà kankan fún un nígbà yẹn o. Àwa náà jẹ́ àjèjì níbi tí a wà yìí, a mọ bó ṣe máa ń rí tí onílé bá kí wa dáadáa.

Ti àwọn ọmọ iṣẹ́ wa, ṣókí ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ìyá ọmọ kan mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí láti Ọ̀fà, ó ní kó wá kọ́ ọjà. Ọmọ ka owó, kò pé. Ẹnì kan á ní, "Owó yìí ò pé, kà á níṣojú mi." Ẹlòmíràn á ní, "Orí ẹ ò pé, bíi ti bàbá ẹ." Ẹni àkọ́kọ́ ń bá iṣẹ́ wí, ẹni kejì ń bá ìran wí. Ọmọ yẹn á kọ́ ọjà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n á kọ́ ẹnu náà pẹ̀lú, òun ni yóò sì fi bá àwọn ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ dúró, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn.

OHÙN KEJÌ

Mo ti padà. Kọ́sítómà ni. Kò rà, mo sì ní ó dàbọ̀.

Ó yá, owó. Ẹnikẹ́ni ò lè kọ́ ọmọ Yorùbá ní gbèsè gbígbà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láwìn láyé ọjọ́un, orúkọ wo la fún wọn? Òṣómàáló. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló di orúkọ wọn: òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi. Ẹnu àwọn kan nínú wọn le, ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà tó wà níbí ẹ má bá mi jà, àwọn àgbà yín náà ló ń sọ ìtàn ọ̀hún fún wa. Àmọ́ ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Ìlóṣòó ló wà nínú rẹ̀, èébú ò sí níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, ó sì lóṣòó síbẹ̀. Onígbèsè rí i pé ẹni yìí ò ní gbàgbé, kò sì ní lọ. Ohun tó ń gba owó nìyẹn.

Kí wá ni èébú fi kún un? Mo ti wà nínú ọjà aṣọ pẹ́, mo sì ti jókòó sí ìdájọ́ gbèsè tó pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyálọ́jà. Ohun tí mo rí ni pé èébú máa ń fún onígbèsè ní ibi tó máa sá sí. Kó o tó bú u, ìtìjú gbèsè ló ń tì í, tó bá rí ọ lọ́nà, á ya ọ̀nà mìíràn. Bó o bá ti bú u níta gbangba tán, ìtìjú yẹn á di ìbínú. Á ní, "Ohun tó sọ sí mi yẹn, kó lọ máa bá Ọlọ́run gba owó rẹ̀." Lójú tirẹ̀, ó ti fi orúkọ rẹ̀ san án. Ọmọ rẹ̀ tó gbọ́ ọ nílé ìwé, tí ìyá rẹ̀ bá tiẹ̀ padà san gbogbo rẹ̀ lọ́la, ta ló máa dá ọjọ́ yẹn padà fún un?

Jésù sọ̀rọ̀ gbèsè ní Mátíù orí 18. Ẹrú kan jẹ ọba ní ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì, owó tí ìran méje rẹ̀ ò lè san. Ọba jì í. Ó jáde, ó bá ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ ẹ́ ní ọgọ́rùn-ún owó dínárì. Àwọn oníwàásù máa ń sọ pé owó kékeré ni. Ẹ lọ wo Mátíù orí 20: dínárì kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe. Ọgọ́rùn-ún dínárì jẹ́ owó iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ó lé ní oṣù mẹ́ta! Kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ ẹrú. Jésù ò sọ pé gbèsè náà kì í ṣe òótọ́. Ohun tó sọ ni pé ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn kó tó béèrè owó rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó mú sùúrù fún òun, òun á san án. Ọ̀rọ̀ tí òun náà fi bẹ ọba ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́, etí rẹ̀ ò sì gbọ́ ọ.

Nínú orí kan náà, ní ẹsẹ 15 sí 17, ètò wà níbẹ̀ fún ẹni tí arákùnrin rẹ̀ bá ṣẹ̀. Lọ bá a, ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ nìkan. Tí kò bá gbọ́, mú ẹnì kan tàbí méjì dání. Tí kò bá tún gbọ́, ìgbà yẹn ni wàá sọ ọ́ fún ìjọ. Gúrúùpù tó ní ọ̀pọ̀ èèyàn yìí, ibi kẹta ló yẹ kó wà, tó bá tiẹ̀ yẹ rárá. Ibẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé. Mi ò kì í pe onígbèsè nígbà tó wà lọ́dọ̀ oníbàárà rẹ̀. Mo máa kí i, mo máa béèrè àwọn ọmọ, màá sì dúró gbọ́ èsì, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ pé ọkọ ń ṣàìsàn tàbí pé wọ́n ti ja ṣọ́ọ̀bù lólè. Lẹ́yìn náà, màá sọ iye owó náà gan-an. Mi ò kì í sọ pé "ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ yẹn". Màá ní, "Àǹtí, náírà 80,000 ló kù lórí aṣọ oṣù kẹta. Èló ni ẹ lè mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí?" Màá wá dákẹ́. Ẹ má ṣe bá a dáhùn o, ìdákẹ́jẹ́ yẹn náà ń ṣiṣẹ́. Iye tó bá dá àti ọjọ́ tó bá dá, màá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù kó lè wà lójú àwa méjèèjì. Tí ọjọ́ bá pé, àárọ̀ ni mo máa pè é, kí owó ọjọ́ yẹn tó ná tán. Tó bá yẹ̀ ẹ́, màá mú àgbà kan dání lọ sílé rẹ̀. Tó bá ní kí n fún òun ní ọjà sí i, màá ní, "Mi ò lè fún yín ní òmíràn títí èyí á fi tán, ẹ má bínú." Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni, ó sì le bí òkúta. (Ti kóòtù láàárín onígbàgbọ́ sí onígbàgbọ́, Kọ́ríńtì Kìíní orí 6 ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀, ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ṣé owó á jáde? Nígbà mìíràn, á jáde. Nígbà mìíràn, kò ní jáde. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni oògùn gbèsè. Àwọn kan wà tí pẹ̀lẹ́ ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, èébú náà ò sì ní gbà á. Onígbàgbọ́ kì í sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ torí pé ó ń mówó wọlé. Torí pé wọ́n ti dárí ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì ji òun náà ni.

Ká tó kúrò lórí níta àti níkọ̀kọ̀, ẹ rántí Ákúílà àti Pìrìsílà aya rẹ̀, nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 18. Irú wa gan-an ni wọ́n. Pọ́ńtù ni wọ́n bí ọkọ sí, Róòmù ni wọ́n ń gbé, títí Kíláúdíù Késárì fi lé gbogbo Júù kúrò níbẹ̀, bí ìjọba Gánà ṣe fún àwọn bàbá wa ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lọ́dún 1969 pé kí ẹni tí kò bá ní ìwé máa lọ. Wọ́n kó dé Kọ́ríńtì, wọ́n ń pa àgọ́ tà, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé Éfésù. Ní Éfésù ni wọ́n ti gbọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àpólò, ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ rẹ̀ ò pé, ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Wọn ò dìde nínú sínágọ́gù kí wọ́n ní, "Jókòó, o ò mọ nǹkan kan." Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n là á yé e. Nígbà tó fẹ́ kọjá sí Ákáyà, àwọn ará kọ ìwé láti fi í lé àwọn ọmọ ẹ̀yìn ibẹ̀ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti dójú tì í níta, ṣé a máa tún gbọ́ orúkọ rẹ̀?

OHÙN KẸTA

Èyí ló kẹ́yìn, mi ò ní pẹ́.

Ìtàn méjì wà nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́ tó yẹ ká máa kà pọ̀. Ní orí 8, àwọn ará Éfúráímù fi ìbínú wá bá Gídíónì: kí ló dé tí o ò pè wá nígbà tí o ń lọ bá Mídíánì jà? Gídíónì dá wọn lóhùn pé kí ni òun ṣe tó tó tiwọn? Ó ní èéṣẹ́ àjàrà tiwọn sàn ju gbogbo ìkórè ilé òun lọ, ọwọ́ tiwọn sì ni àwọn ìjòyè Mídíánì bọ́ sí. Ìbínú wọn rọ̀. Kì í ṣe ṣúgà ló fún wọn o, òótọ́ ni, àwọn ló mú Órébù àti Séébù. Ó kàn mọ èyí tó yẹ kó sọ nínú òótọ́ ni.

Ní orí 12, àwọn ará Éfúráímù yìí kan náà tún gbé irú ẹjọ́ yẹn lọ bá Jẹ́fútà lórí ogun Ámónì. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní àwọn máa sun ilé mọ́ ọn lórí. Jẹ́fútà ní, mo pè yín, ẹ ò wá. Òótọ́ ni tirẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó rọ ẹlòmíràn lójú. Ọ̀rọ̀ kan ló wá da epo sí iná: wọ́n pe àwọn ará Gílíádì ní ìsáǹsá, pé ẹ̀yin tí ẹ sá kúrò láàárín wa. Wọ́n fi ibi tí ènìyàn ti wá bú u. Ogun dé. Àwọn ará Gílíádì dí ẹsẹ̀ odò Jọ́dánì, ẹni tó bá fẹ́ kọjá, wọ́n á ní kó pe "Ṣíbólẹ́ẹ̀tì". Tó bá pè é ní "Síbólẹ́ẹ̀tì", wọ́n mọ̀ pé ará Éfúráímù ni, wọ́n á pa á. Ọ̀kẹ́ méjì lé ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn, 42,000. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ tó jẹ́ pé "isu" ni iṣu lẹ́nu yín, ẹ mọ̀ pé ẹ ò bá ti kọjá lọ́jọ́ yẹn.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kaduna ní oṣù kejì ọdún 2000, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí wọ́n máa fi ohùn àti orúkọ mọ ènìyàn lójú ọ̀nà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ohun tó fà á, ó ju ẹnu mi lọ. Àmọ́ àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ rere ló ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ló ń yọ ọfà lápó. A mọ̀ pé ọfà wà nínú apó nílùú onílùú. Kí ló dé tí a fi ń fa ọwọ́ rẹ̀?

Àṣà kan wà láàárín wa tí mo fẹ́ ká fi sílẹ̀. Oníbàárà dúró níwájú wa, a ó rẹ́rìn-ín sí i ní èdè rẹ̀, a ó wá yíjú sí ara wa, a ó bú u ní Yorùbá. "Ẹ wo kòbókòbó yìí." A rò pé kò gbọ́. Àwọn Hausa tí wọ́n bí tí wọ́n sì tọ́ ní Sábó Ìbàdàn pọ̀ nínú ọjà Kano, Yorùbá wọn dá ju ti àwọn ọmọ wa tí a bí síbí lọ. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ gbọ́ èdè, á gbọ́ ẹ̀rín. Kólósè 4 tí a kà lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó wà lóde ìjọ ló sọ pé ká ṣọ́ra fún. Onílé yìí lè máà wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa láé. Ẹnu wa nìkan ni ìwàásù tó máa gbọ́.

Ẹ wo bí àwọn onílé wa ṣe ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tiwọn. Àwọn Hausa á ní "ka yi hakuri" fún ọkùnrin, "ki yi hakuri" fún obìnrin. Wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n fi ń tuni nínú, wọ́n tún fi ń sọ pé ọjà ò lè dé iye yẹn. Àwọn Igbo á ní "ndo", bí àwa náà ṣe ń sọ pé pẹ̀lẹ́ fún ẹni tó kọsẹ̀ tí kì í ṣe àwa la gbé òkúta síbẹ̀. Àwa tí a mọ iye owó ní èdè wọn látorí kọ́bọ̀ dórí mílíọ̀nù, ó yẹ ká mọ àwọn wọ̀nyí náà, ká sì máa sọ ọ́ fún alábàárù pẹ̀lú, kì í ṣe oníbàárà nìkan.

Ẹnì kan fi ìbéèrè ránṣẹ́ pé ṣé onígbàgbọ́ ò gbọ́dọ̀ bínú ni. Ó gbọ́dọ̀ bínú. Éfésù 4 gba ìbínú láyè, ó kàn ní ká má jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá a lára wa ni. Inú bí ẹ? Gbé fóònù sílẹ̀. Ohùn tí o bá fi ránṣẹ́, o lè pa á rẹ́ lórí fóònù tìrẹ, o ò lè pa á rẹ́ lórí fóònù ẹni tó ti fi ránṣẹ́ síwájú.

Ohun tí àwọn àgbà ti fẹnu kò lé lórí nìyí. Láti òní, kò sí fọ́tò onígbèsè lórí gúrúùpù yìí. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ owó, kó pe alága tàbí èmi. Ní Sátidé, ẹni méjì á bá arákùnrin wa lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà nílé rẹ̀. Á bẹ̀ ẹ́ lórí èébú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá jókòó sọ̀rọ̀ owó, torí owó náà ṣì wà nílẹ̀. Ẹ bá wa gbàdúrà sí i. Ẹ̀yin tí fọ́tò àti ohùn yẹn ṣì wà lórí fóònù yín, ẹ pa á rẹ́ lálẹ́ yìí. Ẹ má pè mí láàárọ̀ ọ̀la o, ọjà ń bọ̀ láti Aba, mo máa wà ní páàkì.